Téèpù àgbẹ̀ kan ní Parkersburg: ibi tí ẹ̀rí májèlé lágbára dé

Ní ọdún 1998, àgbẹ̀ màlúù kan tó ń jẹ́ Wilbur Earl Tennant di téèpù fídíò àti fọ́tò sínú páálí, ó gbé wọn lọ bá agbẹjọ́rò Rob Bilott nílùú Cincinnati. Màlúù rẹ̀ ń kú, ó sì dá a lójú pé inú odò ni ikú náà ti ń wá. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n bi í pé kí lorúkọ májèlé tó ń pa wọ́n, kò ní ìdáhùn. Bilott pàápàá kò ní. Ilé-iṣẹ́ DuPont tó ni ààtàn tó wà lókè odò náà ló mọ ohun tó dà síbẹ̀, kò sì sọ.

Ibẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ májèlé máa ń kú sí, ì báà jẹ́ ti ibi iṣẹ́, ì báà jẹ́ ti ilé. Ara ń ni èèyàn, ó mọ ẹni tó ń fura sí, kò kàn sí ohun tó lè gbé síwájú adájọ́ ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ ni. Ti Earl kò kú. Ó gba nǹkan bí ọdún 19 kí ọ̀rọ̀ tó dá sílẹ̀ tó parí. Ohun tí mo fẹ́ tọ pinpin níhìn-ín ni iṣẹ́ tí ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan ṣe, nítorí wọn kò ṣe iṣẹ́ kan náà. Ibi tó bá ti rẹ ọ̀kan ni òmíràn ti gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀.

Oko Tennant wà lẹ́yìn ìlú Parkersburg, ní ìpínlẹ̀ West Virginia lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Létí odò Ohio níbẹ̀ ni DuPont kọ́ ilé-iṣẹ́ Washington Works sí, níbi tí wọ́n ti ń ṣe Teflon, ohun tí wọ́n fi ń kun inú páànù kí ẹyin má baà lẹ̀ mọ́ ọn. (Irú páànù bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n nílé ìdáná wa náà.) Jim, ọmọ ìyá Earl, ṣe lébìrà nílé-iṣẹ́ yẹn, àìsàn kan tí dókítà kò mọ ìdí rẹ̀ sì ń bá a fínra. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, òun àti ìyàwó rẹ̀ ta éékà ilẹ̀ 66 fún DuPont, tó fẹ́ máa da pàǹtírí síbẹ̀. Odò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Dry Run gba inú ilẹ̀ náà kọjá, ó sì ṣàn wọ pápá tí màlúù Earl ti ń jẹko. Kò pẹ́ tí ìwà àwọn ẹran náà fi yí padà. Màlúù tó jẹ́ pé bó bá rí olówó rẹ̀ á rọra rìn wá bá a, á máa fẹnu nù ún lára, ó di èyí tó ń sáré wá kàn án.

Earl gbé kámẹ́rà. Ohun tó wà nínú téèpù náà kò dùn ún wò. Páìpù ńlá kan ń tú omi aláwọ̀ ewé sínú odò, ìfóòfó bo ojú omi. Màlúù ti rù, ojú wọn pọ́n, itọ́ funfun ń yọ́ lẹ́nu wọn. Ọmọ màlúù dúdú kan ti kú sórí yìnyín. Earl sún kámẹ́rà mọ́ ojú rẹ̀, ẹyinjú náà sì ti di búlúù tó ń dán. Ohùn rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ó sọ iye ẹran tó ti kú lóko rẹ̀: 153. Ó ní kò sí dókítà ẹran kan ní Parkersburg tóun pè tó pe òun padà, tàbí kí wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kan àwọn, nítorí náà òun yóò fọwọ́ ara òun la òkú ẹran náà, orí lòun sì máa ti bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Ó ṣí ẹnu ẹran, ó fi eyín tó ti dúdú hàn. Ó fi ẹ̀dọ̀ hàn, ó fi ọkàn hàn, àpòlúkù, kíndìnrín, òróòro, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tọ́ka síbi tí àwọ̀ ti yí sí dúdú tàbí sí ewé, ó ń sọ pé wọn ò jọ ohun tóun ti rí nínú ẹran rí.

Bàbá yìí kì í ṣe agbẹjọ́rò, síbẹ̀ kò dúró lórí òkú ẹran nìkan. Ó ya ibi tí omi ti ń jáde, ó ya ibi tí omi ń gbà, ó ya ẹran tó ń gbé lórí omi náà, ó sì ya ohun tó bá nínú ikùn rẹ̀. Ẹni tó bá ya egbò ara rẹ̀ nìkan ti kó àìsàn jọ, kò tíì kó ẹ̀rí jọ, torí egbò lè ti ibi méjìlá wá. Ohun tó máa ń sọ àìsàn di ẹjọ́ ni okùn tó so ó mọ́ páìpù ẹnì kan. Earl ta okùn yẹn fúnra rẹ̀, pẹ̀lú kámẹ́rà tí wọ́n ń fi ya ìgbéyàwó.

Ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò lè ka orúkọ kẹ́míkà.

Àwọn agbẹjọ́rò ìlú ti yẹra fún un, àwọn oníròyìn pẹ̀lú. Kò yani lẹ́nu: DuPont ni ọ̀pọ̀ ilé ní Parkersburg ti ń jẹun. Ìyá àgbà Bilott, tó ń gbé ní Vienna nítòsí ibẹ̀, ló jẹ́ kí Earl rí nọ́ńbà rẹ̀. Iṣẹ́ tí Bilott ń ṣe ní ọ́fíìsì Taft Stettinius & Hollister ni pé ó ń gbèjà àwọn ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà. Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń sọ èyí bí ẹni pé ohun ìyanu ni pé ó gba ẹjọ́ àgbẹ̀. Lójú tèmi, òun gan-an ló yẹ ẹjọ́ náà jù. Ó ti pẹ́ tó ti mọ irú ìwé tí àwọn ilé-iṣẹ́ yìí máa ń kọ síra wọn àti ibi tí wọ́n máa ń kó o sí. Ní 1999 ó pe DuPont lẹ́jọ́ nílé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní West Virginia.

Ìwádìí kan ti wà nílẹ̀ nígbà yẹn. DuPont àti EPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àyíká, gbé iṣẹ́ fún dókítà ẹran mẹ́fà. DuPont yan mẹ́ta, EPA yan mẹ́ta. Èsì wọn ni pé DuPont kò jẹ̀bi. Wọ́n ní Earl kò bọ́ ẹran rẹ̀ dáadáa, kò gba ìtọ́jú dókítà fún wọn bó ṣe yẹ, kò sì lé eṣinṣin lára wọn. Ẹni tó bá ti mú irú ẹ̀sùn yìí lọ sọ́dọ̀ ẹni ńlá rí yóò mọ orin náà: ìdọ̀tí ilé rẹ ló ń bá ọ jà.

Èmi ò sọ pé àwọn dókítà náà purọ́. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n wá, DuPont kò sì sọ fún wọn nípa kẹ́míkà tó wà nínú ààtàn náà. Ìwé àyẹ̀wò tó ní òun ò rí nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n ní kó wá. Bó ṣe rí fún omi kànga nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ló sì rí fún ẹ̀jẹ̀: bí kẹ́míkà kan kò bá sí lára ohun tí ilé àyẹ̀wò wá, kò lè yọ nínú èsì, kódà bó kún inú ìgò. Nǹkan kan sì tún wà nínú téèpù tí ìjábọ̀ yẹn kò lè gbé mì. Earl sọ níbẹ̀ pé òun ti gbé àgbọ̀nrín méjì tó ti kú kúrò létí odò náà, ẹ̀jẹ̀ ti jáde ní imú àti ẹnu wọn. Ta ló ń bọ́ àgbọ̀nrín inú igbó, tí a ó fi ní kò bọ́ ọ dáadáa? Ẹranko tí kò sí lábẹ́ ìtọ́jú ẹnikẹ́ni ni ẹlẹ́rìí tó dára jù nínú irú ẹjọ́ yìí, mo sì gbà pé ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rí i kọjá láìkọ ọ́ sílẹ̀: ẹja tó léfòó, ẹyẹ tó já bọ́, igi tó gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ní ọdún 2000, bí Bilott ti ń wá inú ìwé, ó bọ́ sórí lẹ́tà kan tí DuPont kọ sí EPA. Orúkọ kẹ́míkà kan wà níbẹ̀ tí kò rí rí: PFOA. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo ìwé tó bá mẹ́nu kàn án fún òun. DuPont kọ̀. Ó gba àṣẹ ilé ẹjọ́. Nígbà náà ni páálí bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ìwé bí ojú ewé 110,000, òmíràn nínú wọn ti tó àádọ́ta ọdún: lẹ́tà abẹ́lé, ìwé ìlera òṣìṣẹ́, ìwádìí tí DuPont ṣe tí kò gbé síta. Ilẹ̀ ọ́fíìsì rẹ̀ ló jókòó sí fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó ń to ìwé náà ní ọjọ́ sí ọjọ́, ó ń lẹ pépà aláwọ̀ oríṣiríṣi mọ́ wọn. Iṣẹ́ akọ̀wé lásán nìyẹn, kò sí ògo kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n títò tó tò wọ́n ní ọjọ́ sí ọjọ́ ló bí ẹjọ́ náà, torí ó wá ṣeé rí ohun tí ilé-iṣẹ́ náà mọ̀ àti ọdún tó mọ̀ ọ́n.

Láti 1951 ni DuPont ti ń ra PFOA lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ 3M láti fi ṣe Teflon. C8 ni wọ́n ń pè é láàárín ara wọn. 3M ti sọ fún wọn pé kí wọ́n sun èyí tó bá ṣẹ́kù tàbí kí wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú pàǹtírí kẹ́míkà. Òfin DuPont fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n má ṣe dà á sódò. Wọ́n dà á sódò Ohio, wọ́n sì dà á sí kòtò tó jẹ́ pé kò sí nǹkan tí wọ́n tẹ́ sí i nísàlẹ̀. Ní 1961 ni àwọn olùwádìí wọn ti rí i pé ó ń mú kí ẹ̀dọ̀ èkúté àti ehoro wú. Nígbà tó di 1984, wọ́n ti mọ̀ pé ó wà nínú omi tí àwọn ará àdúgbò ń mu. Ní 1991 wọ́n fúnra wọn fi ààlà sí i: kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan lọ nínú omi mímu. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n yẹ omi àdúgbò kan wò, ó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ààlà náà. Ààtàn Dry Run ńkọ́? Tọ́ọ̀nù 7,100 ẹrẹ̀ tó ní PFOA ni wọ́n ti kó síbẹ̀. Wọ́n ti yẹ omi odò náà wò, wọ́n mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, Earl sì ń jẹ́ kí màlúù rẹ̀ mu ún.

Èyí tó máa ń bí mi nínú jù ni ti 1981. 3M rí i lára èkúté pé kẹ́míkà yìí lè ba ọmọ inú oyún jẹ́, ó sì sọ fún DuPont. DuPont kó àwọn obìnrin kúrò ní ẹ̀ka Teflon, ó yẹ ọmọ tí àwọn òṣìṣẹ́ tó lóyún bí wò: nínú ìbí 7, ọmọ 2 ní àbùkù lójú. Ó fi ìwé náà pamọ́. Ẹ ronú sí i: ẹ̀ka tí ìyá ti ṣiṣẹ́, oṣù tó fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ohun tó ṣe ọmọ, gbogbo rẹ̀ wà lákọsílẹ̀, nínú fáìlì ẹni tó fà á. Òṣìṣẹ́ tó bá ń tọ́jú ìwé ìgbàsíṣẹ́ rẹ̀, ìwé tí wọ́n fi gbé e láti ẹ̀ka kan sí òmíràn, àti èsì àyẹ̀wò ara tí ibi iṣẹ́ ṣe fún un, kò ṣe àṣejù. Bí ẹjọ́ bá dé lẹ́yìn ogún ọdún, ìwé yẹn ni yóò sọ pé ó wà níbẹ̀ nígbà tí májèlé wà níbẹ̀.

Ẹjọ́ Earl parí ní 2001 pẹ̀lú àdéhùn tí wọn kò kéde iye owó rẹ̀. Bilott lè fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ó kọ lẹ́tà sí EPA dípò bẹ́ẹ̀, ní oṣù March ọdún yẹn, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tó sọ gbogbo rẹ̀ di ojú ewé 972. Ọdún 2005 ni DuPont gbà láti san mílíọ̀nù 16.5 dọ́là lápapọ̀ láti parí ẹ̀sùn EPA pé ó fi ohun tó mọ̀ pamọ́. Nígbà yẹn, irú owó ìtanràn bẹ́ẹ̀ kò tíì tó iye yẹn rí lọ́wọ́ àjọ náà. Sí DuPont, kò tó nǹkan.

Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti màlúù. Ní oṣù October ọdún 2000, àwọn tó ń pèsè omi ní Lubeck, àdúgbò kan nítòsí Washington Works, fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà wọn pé wọ́n rí PFOA díẹ̀ nínú omi, ṣùgbọ́n kò léwu. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni yóò ti ju irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ nù. Olùkọ́ kan níbẹ̀ kò ju tirẹ̀ nù. Ó ka á, ó fàlà sábẹ́ àwọn gbólóhùn tí kò yé e, ní pàtàkì ibi tí wọ́n ti sọ pé DuPont ló sọ pé ààlà tí DuPont fi sílẹ̀ tó láti dáàbò bo ìlera. Ó ń pe ọ́fíìsì kan tẹ̀ lé òmíràn títí ọ̀rọ̀ fi gbé e dé ọ̀dọ̀ Bilott. Ní oṣù August ọdún 2001, wọ́n gbé ẹjọ́ gbogboògbò lọ sílé ẹjọ́ fún àwọn tó ń mu omi ní àdúgbò mẹ́fà, ní West Virginia àti Ohio tó wà lódìkejì odò.

Òfin ìpínlẹ̀ náà ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìdájọ́ kan ti wà ní West Virginia láti 1999 pé ẹni tó bá lè fi hàn pé májèlé kan òun nítorí ẹ̀bi ẹlòmíràn lè béèrè pé kí onítọ̀hún máa san owó àyẹ̀wò ara òun, bí àìsàn kò tilẹ̀ tíì yọjú. Nítorí náà ohun tí wọ́n ní láti kọ́kọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé omi náà wọ inú wọn. Ti pé omi náà ló fa àìsàn, ìyẹn ṣì wà níwájú.

Wọ́n ṣe àdéhùn ní 2004. DuPont yóò ṣe ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi fún àdúgbò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, yóò san mílíọ̀nù 70 dọ́là, yóò sì gbé bùkátà ìwádìí tí onímọ̀ mẹ́ta tí ìhà méjèèjì fọwọ́ sí máa ṣe. Bí àwọn yẹn bá sọ pé ó ṣeé ṣe kí C8 ló fa àìsàn kan, àwọn tó ní àìsàn náà lè pe ẹjọ́ tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí wọ́n bá sọ pé rárá, ó parí nìyẹn. Tẹ́tẹ́ ni, èmi ò ní pè é ní nǹkan mìíràn. Ibi tí ẹgbẹ́ Bilott ti gbọ́n ni ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ gba tirẹ̀ kó wá dáhùn ìbéèrè nípa ìlera rẹ̀, kó sì jẹ́ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe méjèèjì gba 400 dọ́là. Ní 2005 sí 2006, nǹkan bí 69,000 èèyàn ló jáde. Ní Amẹ́ríkà lápapọ̀, iye PFOA tó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn nígbà yẹn kò ju bíi 4 tàbí 5 nínú bílíọ̀nù lọ. Ní Little Hocking, lápá Ohio, tí wọ́n bá ṣírò rẹ̀ ká orí, ó ju 200 lọ.

Ẹ̀jẹ̀ yìí ló ṣe iṣẹ́ tí téèpù Earl àti ìwé DuPont kò lè ṣe. Téèpù sọ pé nǹkan kan ń pa ẹran. Ìwé sọ orúkọ nǹkan náà àti ẹni tó mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè sọ pé ó ń ṣe èèyàn ní jẹjẹrẹ, irú jẹjẹrẹ báyìí. Ọdún 7 ni àwọn onímọ̀ náà fi wá a, àwọn aláìsàn ń dúró, àwọn kan kò sì lè dúró. Earl fúnra rẹ̀ kú ní 2009. Láti ìparí 2011 dé 2012 ni èsì ń jáde. Àìsàn mẹ́fà ni wọ́n so mọ́ C8: jẹjẹrẹ kíndìnrín, jẹjẹrẹ kórópọ̀n, àìsàn táíróọ̀dù, ọ̀rá tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru aláboyún, àti egbò inú ìfun ńlá.

Lẹ́yìn èyí ni ẹjọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, ó lé ní 3,500. Àdéhùn 2004 ti so DuPont lọ́wọ́: kò lè dúró nílé ẹjọ́ pé C8 kì í fa àìsàn mẹ́fà yẹn. Ohun tó kù fún un láti jà lé lórí ni pé òun kọ́ ló fa ti ẹni tó dúró síwájú adájọ́ yìí. Nínú ẹjọ́ àkọ́kọ́, ní October 2015, obìnrin kan tó ti ní jẹjẹrẹ kíndìnrín ló pè é. DuPont ní sísanra ló fà á. Àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ kò gbà, wọ́n fún obìnrin náà ní mílíọ̀nù 1.6 dọ́là. Ẹjọ́ méjì mìíràn tẹ̀ lé e, DuPont pàdánù méjèèjì, ọ̀kan nínú wọn sì lé ní mílíọ̀nù 12. Ní February 2017, DuPont àti Chemours, ilé-iṣẹ́ tí DuPont yọ jáde lára rẹ̀, gbà láti san nǹkan bí mílíọ̀nù 671 dọ́là kí gbogbo ẹjọ́ tó kù lè parí.

Ohun tí olúkúlùkù ní láti fi hàn kò le láti sọ. Kó ti mu omi ọ̀kan nínú àdúgbò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà náà, tàbí kànga kan tó ní C8, fún ọdún kan ó kéré tán kí December 2004 tó dé. Kí dókítà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀kan nínú àìsàn mẹ́fà yẹn ló ní. Irú ohun tó lè gbe èèyàn níbẹ̀ ni bíìlì omi, ìwé owó ilé, ìwé ilé-ìwé ọmọ, ìwé ibi iṣẹ́ tó ní àdírẹ́sì àti ọjọ́ lára, àwọn pépà tí à ń kó dànù bí a bá ń kó ilé. Ẹni tó ti mu omi kan náà fún ọgbọ̀n ọdún, tó ní ìwé ilé, tó ní ìwé dókítà, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé jẹjẹrẹ mìíràn tí kò sí lára mẹ́fà yẹn ló mú un, kò lè bá wọn pe ẹjọ́. Àdéhùn 2004 ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.